Bí A Ṣe Ń Fi Ìṣòro Kọ́ Ẹ̀kọ́ Sáyẹ́ǹsì ní Yunifásítì, Àní Bí Kíláàsì Bá Kún Fọ́fọ́

Ìbéèrè kan náà ni àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ń bi mí láti Akoka títí dé Ojo, pàápàá àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́: báwo ni ènìyàn ṣe lè fi ìṣòro kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ (ohun tí òyìnbó ń pè ní problem-based learning) nínú gbọ̀ngàn tí àwọn kan ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà nítorí pé àga kò tó, tí iná ọba kò dúró, tí ẹ̀ka sì ń retí pé kí a parí gbogbo ìlànà ẹ̀kọ́ kí ìdánwò tó dé? Ó ṣeé ṣe. Mo ti rí i pé ohun tí ó sábà máa ń ba iṣẹ́ náà jẹ́ ni pé olùkọ́ ti kọ́ ẹ̀kọ́ tán kí ó tó gbé ìṣòro kalẹ̀, tàbí pé ìṣòro tí ó gbé kalẹ̀ kò ní ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ lè di mú, tàbí pé kò lè dákẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì kí ó tó dáhùn ìbéèrè tí òun fúnra rẹ̀ béèrè.

Ìṣòro kan ṣoṣo ni ìtọ́sọ́nà yìí yóò tẹ̀lé jù lọ, ìyẹn omi bọ́ọ̀hóòlù tí ó ń pọ́n lẹ́yìn tí a bá ti fà á, nítorí pé kò sí àdúgbò tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń wá ní Èkó tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n. Ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì fún àwọn ọlọ́dún kìíní àti ọlọ́dún kejì ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ. Mo fi ti físíìsì àti ti báyọ́lọ́jì sí ìsàlẹ̀.

Ohun tí a ń sọ gan-an

Nínú ọ̀nà yìí, ìṣòro ni ó ń ṣíwájú ẹ̀kọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò pàdé ọ̀ràn kan tí ìmọ̀ rẹ̀ kò tíì tó láti yanjú. Òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sọ ohun tí wọ́n mọ̀, wọn yóò ṣàwárí ohun tí wọn kò mọ̀, wọn yóò lọ kà á, wọn yóò dán an wò, wọn yóò sì padà wá ṣàlàyé. Bí ẹ bá kọ́ wọn ní fọ́múlà lánàá, tí ẹ sì fún wọn ní ìṣirò mẹ́wàá lónìí, iṣẹ́ gidi ni ẹ ṣe, ṣùgbọ́n ìdánrawò ni. Ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yunifásítì McMaster ní Kánádà ni ó gbé ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀ ka orí ọ̀nà yìí ní 1969. Ìgbésẹ̀ méje tí Yunifásítì Maastricht ní Netherlands tò ni mo lò nísàlẹ̀, pẹ̀lú àtúnṣe tí ó bá kíláàsì tiwa mu.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ má ṣe yí gbogbo kọ́ọ̀sì padà lẹ́ẹ̀kan náà. Orí-ọ̀rọ̀ kan nínú sẹ̀mẹ́sítà kan ti tó fún ìgbà àkọ́kọ́, méjì sì ni kí ó pọ̀ jù ní ọdún kejì. Olùkọ́ tí ó bá gbé gbogbo rẹ̀ lé orí ìṣòro lójijì yóò rẹ̀ kí àárín sẹ̀mẹ́sítà tó dé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì ti gbà pé kò fẹ́ kọ́ wọn ni.

Bí ọ̀gá ẹ̀ka bá bi yín pé níbo ni àyè èyí wà, ìdáhùn wà nínú ìlànà NUC, àjọ tí ń bójú tó àwọn yunifásítì Nàìjíríà, fúnra rẹ̀. CCMAS, ìlànà ẹ̀kọ́ tí NUC gbé jáde, tí àwọn yunifásítì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní sáà 2023/2024, pèsè ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí a ó kọ́, ó sì fi ìdá 30 sílẹ̀ fún yunifásítì kọ̀ọ̀kan láti fi ohun tí ó bá àyíká rẹ̀ mu kún un. Omi tí ó ń ba aṣọ àwọn ará Èkó jẹ́ bá àyíká wa mu dáadáa.

Ẹ rí i dájú pé àwọn nǹkan wọ̀nyí ti wà nílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú:

- ìpàdé méjì, wákàtí méjì-méjì, pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ kan láàárín wọn;
- ìyọ̀ǹda ẹ̀ka lórí bí ẹ ṣe máa pín máàkì, kí ó wà lórí ìwé;
- ìṣòro tí a tẹ̀ sórí bébà, ẹyọ kan fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ má baà gbára lé iná;
- akẹ́kọ̀ọ́ másítà tàbí òṣìṣẹ́ láàbù tí yóò máa bá yín yí ká, ẹnì kan fún ẹgbẹ́ mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá;
- ìwé méjì tàbí mẹ́ta ní ilé ìkàwé tí ìdáhùn wà nínú rẹ̀, tí ẹ ti fojú ara yín rí pé ó wà lórí pẹpẹ.

Bí ẹ ṣe máa kọ ìṣòro náà

Ibí ni kí ẹ ti lo àkókò jù. Bí ìṣòro bá dára, kíláàsì yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ máa darí ara rẹ̀. Bí kò bá dára, kò sí ọgbọ́n ìkọ́ni tí yóò gbà á là.

1. Ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n mọ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Níbí, mo fẹ́ kí wọ́n mọ bí ohun kan ṣe ń pàdánù ẹ̀lẹ́kítíróònù, ohun tí pH (ìwọ̀n tí ó ń sọ bí omi ṣe kan sí; bí ó bá ṣe kéré tó ni omi ṣe kan tó) ń ṣe sí ìyára ìdàpọ̀ kẹ́míkà, àti ìdí tí ohun kan fi ń yòrò nígbà kan tí kì í yòrò nígbà mìíràn.
2. Ẹ wá ohun kan ní ìlú tí gbogbo rẹ̀ pàdé nínú rẹ̀.
3. Ẹ fi ènìyàn kan sí i, ibì kan, àti ìpinnu kan tí ènìyàn náà gbọ́dọ̀ ṣe. Láìsí ìpinnu, àròkọ ni wọn yóò kọ fún yín.
4. Ẹ yọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó lè tọ́ka sí orí-ọ̀rọ̀ inú ìwé kúrò. Bí «irin» tàbí «pH» bá wà nínú ìtàn, ẹ ti dáhùn ìdajì rẹ̀ fún wọn.
5. Ẹ fi ohun kan sí i tí yóò ta ko ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ rò.
6. Ẹ yanjú rẹ̀ fúnra yín. Lẹ́yìn náà, ẹ fún olùkọ́ ẹ̀ka mìíràn kà. Bí ó bá mọ ìdáhùn láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, ó rọrùn jù.

Ẹ wo ìṣòro náà bí mo ṣe máa ń fún wọn:

*Onílé kan ní Ṣómólú gbẹ́ bọ́ọ̀hóòlù. Omi rẹ̀ mọ́ gaara nígbà tí ó bá ń jáde ní ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́, omi tí wọ́n pọn sílẹ̀ á ti pọ́n rúsúrúsú, ìdọ̀tí pupa á sì ti sùn sí ìsàlẹ̀ ike. Aṣọ funfun àwọn ayálégbé kò funfun mọ́. Ẹnì kan ní kí onílé da álọ́ọ̀mù sínú táǹkì. Ó dà á, omi táǹkì mọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pọn ọ́n sílẹ̀, ó tún ń pọ́n. Ẹlòmíràn ní kí ó gbẹ́ òmíràn tí ó jìn ju èyí lọ, owó ọwọ́ rẹ̀ kò sì tó ìdajì iye tí wọ́n dá lé e. Kí ni ẹ máa ní kí ó ṣe? Báwo ni ẹ ṣe máa fi hàn án pé yóò ṣiṣẹ́ kí ó tó náwó?*

Ẹ fi èyí wé «Ṣàlàyé ipa irin nínú omi abẹ́ ilẹ̀ ní Èkó». Ti ìkejì yìí ṣeé dà kọ látinú íntánẹ́ẹ̀tì láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta, ChatGPT yóò sì kọ ọ́ dáadáa. Ti àkọ́kọ́ ń béèrè pé kí wọ́n yan ohun kan, kí wọ́n sì mú ẹ̀rí wá.

Ohun tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ dunjú kí ó tó wọ kíláàsì, nìyí. Afẹ́fẹ́ ọ́síjìn kò pọ̀ nínú omi abẹ́ ilẹ̀, nítorí náà irin tí ó wà nínú rẹ̀ wà bíi Fe²⁺ (irin tí ó ti pàdánù ẹ̀lẹ́kítíróònù méjì), èyí tí ó yòrò tí kò sì hàn sójú. Bí omi bá jáde tí ó sì pàdé afẹ́fẹ́, Fe²⁺ yóò pàdánù ẹ̀lẹ́kítíróònù kan sí i, yóò di Fe³⁺, Fe³⁺ yóò sì di èérún pupa tí kò lè yòrò. Ìyára ìyípadà yìí gbára lé pH gan-an: láàárín ìwọ̀n tí omi wa sábà máa ń ní, bí pH bá fi ẹyọ kan gòkè, ìyára rẹ̀ yóò di ìlọ́po bí 100. Omi abẹ́ ilẹ̀ ní ọ̀pọ̀ àdúgbò Èkó sì kan díẹ̀, ìdí nìyẹn tí irin fi lè wà nínú rẹ̀ fún wákàtí púpọ̀ kí ó tó pọ́n. Álọ́ọ̀mù máa ń kó èérún tí ó ti wà nílẹ̀ jọ, ṣùgbọ́n kò lè mú irin tí ó ṣì yòrò. Ó tún ń mú kí omi kan sí i, ó sì ń tipa bẹ́ẹ̀ dá ìyípadà náà dúró pẹ́. Ohun tí ìmọ̀ràn tí onílé kọ́kọ́ gbà fi kùnà nìyẹn, ibẹ̀ sì ni akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ronú yóò ti rí ọ̀nà: kí a jẹ́ kí omi já lulẹ̀ láti òkè kí afẹ́fẹ́ lè wọ̀ ọ́, kí a gbé pH rẹ̀ sókè díẹ̀, kí a jẹ́ kí ó sùn, kí a sì fi yanrìn sẹ́ ẹ. Ìwọ̀n tí ìlànà omi mímu Nàìjíríà fi lélẹ̀ fún irin ni mílígíráàmù 0.3 nínú lítà kan. Òun ni kí wọ́n fi ṣe àfojúsùn.

Bí ẹ ṣe máa pín wọn sí ẹgbẹ́

Ẹni mẹ́fà ni ẹgbẹ́ kan. Bí kíláàsì bá jẹ́ 240, ẹgbẹ́ 40 nìyẹn, ó sì ṣeé bójú tó bí ẹ bá ní olùrànlọ́wọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ẹ fi nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ pín wọn. Bí ẹ bá ní kí wọ́n yan ara wọn, àwọn tí ó mọ̀wé yóò kóra jọ, àwọn tí wọ́n ń ti Ikorodu tàbí Badagry wá lójoojúmọ́, tí wọn kò tíì mọ ẹnikẹ́ni, yóò sì ṣẹ́kù sẹ́yìn. Nínú gbọ̀ngàn tí a kan àga rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí àwọn mẹ́ta tí ó wà ní ìlà iwájú yíjú padà sí àwọn mẹ́ta ti ẹ̀yìn wọn.

Ẹ fún wọn ní ipò, kí ipò náà sì yí padà ní ìpàdé kejì: alága, akọ̀wé, olùṣọ́ àkókò, ẹni tí ń bójú tó ohun èlò, ẹni tí yóò ṣètò ìjábọ̀, àti ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa béèrè pé «Kí ni ẹ̀rí rẹ?» lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá sọ̀rọ̀. Ẹ má ṣe yọ ipò ìkẹyìn yìí. Nínú ẹgbẹ́ wa, ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ bá jù tàbí tí ohùn rẹ̀ bá lọ sókè ni àwọn yòókù máa ń gbà fún, ìtìjú kì í sì jẹ́ kí àbúrò sọ pé ẹ̀gbọ́n ṣì í. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ tí olùkọ́ yàn fún un ni, yóò lè béèrè láìsí pé ẹnikẹ́ni pè é ní aláfojúdi.

Ìgbésẹ̀ méje

*Ìpàdé kìíní*

1. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yé wọn (ìṣẹ́jú 10). Ẹnì kan ka ìtàn náà sókè nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á fa ìlà sí abẹ́ ohun tí kò yé wọn. Àwọn kan kò mọ̀ pé omi táǹkì ti wà nínú afẹ́fẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó dé ẹnu ẹ̀rọ; ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn ṣàlàyé.
2. Kí wọ́n sọ ìṣòro ní gbólóhùn kan (ìṣẹ́jú 10). Kí akọ̀wé kọ ọ́ sókè bébà. Ẹgbẹ́ tí ó bá kọ «omi náà dọ̀tí» kò tíì dé ibẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé: ìgbà wo ni ó dọ̀tí?
3. Kí wọ́n kó èrò jọ (ìṣẹ́jú 30). Ìpín tí ó kàn sọ bí wọ́n ṣe máa ṣe é. Kò sí àríwísí ní ìgbésẹ̀ yìí.
4. Kí wọ́n to èrò náà (ìṣẹ́jú 20). Èyí tí ó jọra lọ sí ọ̀nà kan. Wọ́n á fa ọfà láti ohun tí ó ń fa nǹkan sí ohun tí ó ń tìdí rẹ̀ yọ. Ibí ni ìdàrúdàpọ̀ ti máa ń dé, ó sì yẹ kí ó dé.
5. Kí wọ́n kọ ohun tí wọn kò mọ̀ bí ìbéèrè (ìṣẹ́jú 15). Ìbéèrè mẹ́rin sí mẹ́fà, tí a pín fún ọmọ ẹgbẹ́. Ẹ gba ẹ̀dà kan kí wọ́n tó jáde. Bí ohun tí ẹ kọ sílẹ̀ nígbà tí ẹ ń ṣe ìṣòro náà kò bá hàn nínú ìbéèrè ẹgbẹ́ kan, ìgbà yìí ni kí ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan tí yóò darí wọn síbẹ̀.

*Láàárín ọ̀sẹ̀*

6. Kí oníkálukú lọ kàwé, kí ẹgbẹ́ sì dán nǹkan wò. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mú ó kéré tán ohun kan tí wọ́n fojú ara wọn rí wá: omi ilé ẹnì kan nínú ìgò tí a lè rí inú rẹ̀, pẹ̀lú àwòrán rẹ̀ ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, mẹ́wàá alẹ́ àti mẹ́fà òwúrọ̀. Ìgò méjì dára ju ọ̀kan lọ: kí wọ́n kún ọ̀kan dé ẹnu kí wọ́n sì dé e pinpin, kí wọ́n sì fi èkejì sílẹ̀ láìdé. Bí èyí tí wọ́n dé bá pẹ́ kí ó tó pọ́n, wọ́n ti ní ẹ̀rí lọ́wọ́ pé afẹ́fẹ́ ní ọwọ́ nínú ọ̀ràn náà.

*Ìpàdé kejì*

7. Ìjábọ̀ àti ìmọ̀ràn. Wákàtí kìíní jẹ́ ti àwọn ẹgbẹ́. Ẹ ṣẹ́ gègé láti mọ ẹgbẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún tí yóò sọ̀rọ̀, kí ẹ sì tún ṣẹ́ gègé láti mọ ẹni tí yóò jábọ̀ nínú wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà gbára lé ẹnì kan. Àwọn yòókù á lẹ bébà wọn mọ́ ara ògiri, gbogbo kíláàsì á sì yí ká kà á. Wákàtí kejì ni ti yín: nísinsìnyí ni kí ẹ kọ́ wọn nípa Fe²⁺ àti Fe³⁺, ìyára ìdàpọ̀ àti pH. Ẹ̀yin gan-an yóò rí i bí wọ́n ṣe ń tẹ́tí sí i.

Ìrònú àtinúdá: bí èrò ṣe máa pọ̀ ní ìgbésẹ̀ kẹta

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ rò pé bí a bá ti kó ènìyàn jọ tí a ní kí wọ́n máa sọ ohun tí ó bá wá sí wọn lọ́kàn, èrò tuntun yóò jáde. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Yunifásítì Yale ní 1958 fi hàn pé ènìyàn mẹ́rin tí ó dá ronú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí a wá kó èrò wọn pọ̀, mú èrò jáde ju ẹni mẹ́rin tí ó jókòó papọ̀ tí wọ́n ń sọ ọ́ jáde lọ. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ kí wọ́n tó sọ ọ́. Ọ̀nà tí ó rọrùn jù ni èyí tí Bernd Rohrbach, ará Jámánì, gbé jáde ní 1968:

1. Ẹni mẹ́fà jókòó, oníkálukú ní bébà kan.
2. Oníkálukú kọ èrò mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Kò sí ọ̀rọ̀ sísọ.
3. Oníkálukú ta bébà rẹ̀ sí ẹni tí ó wà lápá ọ̀tún rẹ̀. Ẹni tí ó gbà á á ka ohun tí ó wà níbẹ̀, á sì kọ mẹ́ta mìíràn, yálà tuntun tàbí àfikún sí ti ẹni ìṣáájú.
4. Wọ́n á tẹ̀ síwájú títí bébà yóò fi yí ẹni mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ká. Láàárín ìṣẹ́jú 30, ẹgbẹ́ kan lè ní èrò 108.

Ní ìyípo kẹta, ọwọ́ wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Ẹ ti ìbéèrè sí wọn láti iwájú, lọ́kọ̀ọ̀kan: Kí ni a lè yọ kúrò? Kí ni a lè ṣe ṣáájú dípò kí a ṣe é lẹ́yìn? Ta ni ó ti ń yanjú irú nǹkan yìí lẹ́nu iṣẹ́ tirẹ̀? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù. Ẹni tí ó bá ti rí bí ògì ṣe ń sùn sísàlẹ̀ tí omidùn sì ń dá dúró lókè yóò kọ̀wé pé kí a fi omi sílẹ̀ kí a sì máa mú èyí tí ó wà lókè, kò sì nílò ìwé kankan kí ó tó mọ̀ ọ́n. Ẹlòmíràn tí ó mọ ìkarahun ìṣáwùrú tí wọ́n ń kó dànù létí ọ̀sà lè béèrè bóyá ó lè dín kíkan omi kù. Ó lè ṣe é, nítorí kálísíọ̀mù kábọ́nétì ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí nìkan ni kí àríwísí wọlé. Wọ́n á yẹ èrò kọ̀ọ̀kan wò pẹ̀lú ìbéèrè mẹ́ta: ǹjẹ́ ohun tí a mọ̀ nínú sáyẹ́ǹsì gbè é? ǹjẹ́ a lè dán an wò láàárín ọ̀sẹ̀ kan? ǹjẹ́ agbára onílé ká a? Kí wọ́n mú méjì péré lọ dán wò.

Ohun tí olùkọ́ máa sọ, àti ìgbà tí ó máa dákẹ́

Ẹ óò máa yí ká láàárín wọn. Wọn yóò gbìyànjú láti gba ìdáhùn lẹ́nu yín, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ àti ẹ̀rín. Bí ó ṣe sábà máa ń lọ nìyí:

— Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé irin ni ó wà nínú omi náà?
— Kí ni ẹ rí tí ẹ fi rò pé irin ni?
— Àwọ̀ rẹ̀ jọ ti páànù tí ó ti dógùn-ún, sà.
— Ó dáa. Bí ó bá jẹ́ irin, níbo ni ó wà nírọ̀lẹ́, nígbà tí omi mọ́ gaara?

Ẹ kúrò níbẹ̀ lẹ́yìn ìbéèrè yẹn. Ẹ má ṣe dúró tì wọ́n, nítorí pé bí ẹ bá dúró, ojú yín ni wọn yóò máa wò. Bí ẹ bá padà dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọ́n ṣì wà lójú kan náà, ẹ bi wọ́n pé kí ni ó wà nínú ike lóru tí kò sí nínú ilẹ̀.

Bí wọ́n bá sọ ohun tí kò tọ̀nà, ẹ jẹ́ kí ó wà nílẹ̀ títí di ìpàdé kejì, bí kò bá ti lè pa ẹnikẹ́ni lára. Ohun tí ó lè pani lára ni kí ẹ dá dúró lójú ẹsẹ̀: ẹ kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mu omi tí wọ́n ń dán wò, pé láìmù, ìyẹ̀fun funfun tí a fi ń gbé pH omi sókè, máa ń jó ojú, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ inú kànga tàbí táǹkì, àti pé kí wọ́n gba àyè lọ́wọ́ onílé kí wọ́n tó bu omi rẹ̀.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀

- *Kíkọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ kúkúrú kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, «kí ó lè yé wọn».* Àṣìṣe tí ó burú jù nìyí, àánú ni ó sì ń fà á. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ẹ̀kọ́ náà, wọn yóò kàn máa wá ibi tí wọn yóò ti fi fọ́múlà bọ̀ ọ́ ni.
- *Fífi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn.* Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé kò mọ bí a ṣe ń wá ìwé. Ẹ dárúkọ ìwé fún wọn, ẹ fi ọ̀nà ilé ìkàwé hàn wọ́n.
- *Ìṣòro tí ó tóbi jù.* «Báwo ni a ṣe lè wá omi fún Èkó?» jẹ́ ọ̀rọ̀ ìjọba. Onílé kan, bọ́ọ̀hóòlù kan, iye owó kan.
- *Pípa ìpàdé kejì pọ̀ mọ́ ti àkọ́kọ́.* Láìsí ọ̀sẹ̀ ìwádìí, àbá lásán ni wọn yóò máa sọ.
- *Rírò pé ariwo kíláàsì jẹ́ àmì pé nǹkan ti bàjẹ́.* Ẹ sọ fún olùkọ́ yàrá kejì ṣáájú ọjọ́ náà.

Máàkì

Akẹ́kọ̀ọ́ wa kì í fi ara sí iṣẹ́ tí kò ní máàkì, n kò sì lè dá wọn lẹ́bi, nítorí iye kọ́ọ̀sì tí ó wà lọ́rùn wọn. Bí CA yín (máàkì tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà kí ìdánwò ìparí tó dé) bá jẹ́ 40, ìpín tí ó ti ṣiṣẹ́ dáadáa ni: 5 fún ìbéèrè tí ẹgbẹ́ kọ ní ìpàdé kìíní, 10 fún ìjábọ̀, 10 fún ìdánwò kékeré tí oníkálukú dá ṣe, 5 tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fún ara wọn, àti 10 fún ìdánwò àárín sẹ̀mẹ́sítà bí ẹ ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ìdánwò oníkálukú ni ó ṣe pàtàkì jù nínú wọn, nítorí òun ni yóò fi hàn bí ẹnì kan bá ń jẹ lórí iṣẹ́ ẹlòmíràn. Ẹ fún wọn ní ọ̀ràn tí ó súnmọ́ ti àkọ́kọ́: omi tí ó pọ́n láti ẹnu ẹ̀rọ lójú ẹsẹ̀, tí kì í yí padà mọ́. Ẹni tí ó bá lóye yóò mọ̀ pé irin ibẹ̀ ti pàdé afẹ́fẹ́ kí ó tó jáde, bóyá nínú páìpù tí ó ti dógùn-ún, àti pé yanrìn nìkan lè sẹ́ ẹ.

Ẹ fi máàkì sí èrò tí ó kùnà pẹ̀lú, bí wọ́n bá dán an wò tọkàntọkàn tí wọ́n sì ṣàlàyé ìdí tí ó fi kùnà. Bí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò tún dá èrò tuntun mọ́. Èyí tí ó dájú nìkan ni wọn yóò máa gbé wá.

Bí ohun tí ẹ ní kò bá tó

*Bí láàbù kò bá sí tàbí kò bá ṣí:* ìgò tí a lè rí inú rẹ̀, bébà pH, òwú, yanrìn tí a fọ̀, ìkarahun tí a gún àti láìmù díẹ̀ ti tó. *Bí láàbù bá wà:* 1,10-phenanthroline máa ń sọ Fe²⁺ di aláwọ̀ ọsàn, a sì lè wọ̀n ọ́n lórí spectrophotometer (ẹ̀rọ tí ń wọn bí àwọ̀ omi ṣe jinlẹ̀ tó) ní nánómítà 510. Bí ẹ̀rọ náà bá bàjẹ́, kí wọ́n po ìwọ̀n márùn-ún tí wọ́n mọ̀, kí wọ́n tò wọ́n síwájú bébà funfun, kí wọ́n sì fi ojú fi àwọ̀ wé àwọ̀.

*Bí omi tí ó ń pọ́n kò bá sí nítòsí:* ẹ se lítà 10 omi kí ó hó, ẹ jẹ́ kí ó tutù nínú ohun tí a dé, kí ẹ wá yo mílígíráàmù 250 FeSO₄·7H₂O sínú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀kán ọtí kíkan díẹ̀. Irin inú rẹ̀ yóò jẹ́ nǹkan bí mílígíráàmù 5 nínú lítà kan, yóò sì mọ́ títí tí ẹ ó fi gbé pH rẹ̀ sókè.

*Fún físíìsì:* Aránṣọ kan ní Yaba ra bátìrì inverter kan, vólítì 12, 200 Ah. Ẹni tí ó tà á fún un sọ pé yóò gbé wáàtì 200 fún wákàtí 12. Ó ń kú kí wákàtí mẹ́fà tó pé. Ṣé wọ́n rẹ́ ẹ jẹ ni? Ìṣirò àkọ́kọ́ á mú kí wọ́n gbà pé wọ́n rẹ́ ẹ jẹ, nítorí 12 lọ́nà 200 jẹ́ 2,400, tí a bá sì fi wáàtì 200 pín in, ó jẹ́ wákàtí 12. Kí wọ́n wá wádìí ìdí tí a kì í fi lo ju bí ìdajì bátìrì olómi-ásíìdì lọ, àti ohun tí inverter fúnra rẹ̀ ń jẹ.

*Fún báyọ́lọ́jì:* Apẹja kan sọ pé ewé tí ó ń léfòó lójú ọ̀sà, èyí tí a mọ̀ sí water hyacinth, máa ń dí ọkọ̀ rẹ̀ lọ́nà ní ìgbà òjò, ṣùgbọ́n ó ń kú fúnra rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹnì kan fẹ́ gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ láti fọ́n oògùn sí i. Ṣé kí ó san án, ìgbà wo sì ni? Iyọ̀ ọ̀sà ni kókó rẹ̀: omi òjò àti omi odò máa ń ti iyọ̀ sẹ́yìn, omi òkun sì ń padà wọlé nígbà tí òjò bá dá. Kí wọ́n fi ewé náà sínú abọ́ mẹ́rin tí iyọ̀ wọn kò dọ́gba, kí wọ́n sì máa ya àwòrán rẹ̀ lójoojúmọ́.

*Bí sẹ̀mẹ́sítà bá kúrú nítorí ìyanṣẹ́lódì:* ẹ ṣe ìgbésẹ̀ kìíní sí ìkarùn-ún nínú kíláàsì, ẹ gba ìjábọ̀ lórí ìwé, kí ẹ sì fi wákàtí kan ṣe àlàyé. Ẹ má ṣe yọ ìgbésẹ̀ kẹta tàbí ìkarùn-ún.

Ní sáà tí ó bá tẹ̀ lé e, ẹ yí ibi, iye owó àti ohun tí ó ta kora padà, nítorí ìjábọ̀ ọdún yìí yóò ti wà lórí WhatsApp àwọn tí ń bọ̀ kí ẹ tó wọ kíláàsì. Ní ipò álọ́ọ̀mù, ẹ lè fi kílórínì sí i. Òun máa ń yí Fe²⁺ padà kíákíá, nítorí náà ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ nínú táǹkì onílé yóò yàtọ̀, ìmọ̀ràn tí wọ́n máa fún un yóò sì yàtọ̀ pẹ̀lú.